Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn oníkọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá

ApoògùnAjílété · Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Apoògùn ni mí ní ilé ìwòsàn àdáni kan nítòsí Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀dì wa kò ju ọgọ́rin lọ. Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá síbí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lóru ọjọ́ kan, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá kan, wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ jáde láyọ̀. Nígbà tó di bíi aago méjì òru, abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n gún sí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń kúrò lára rẹ̀, ìrora sì dé. Dókítà kọ pentazocine, oògùn ìrora. Oògùn náà wà nílé, nínú kọ́bọ́ọ̀dù DDA wa (ti àwọn oògùn líle tí òfin ní ká máa tì pa) tó ní àgádágodo méjì. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì ti bá ẹni tó ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́ lọ sílé nínú àpò aṣọ rẹ̀. Kí wọ́n tó rán ọlọ́kadà lọ sí Sàbó, kí wọ́n tó jí i, kí kọ́kọ́rọ́ tó dé, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ. Mo lọ kí ìyá náà láàárọ̀. Kò bínú. Ó kàn ní, "Àǹtí, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé oògùn wà."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ọ̀gá, ó sì dùn wọ́n. Kò pẹ́ ni oníṣòwò kan wá láti Èkó, ó fi fídíò kọ́bọ́ọ̀dù oògùn oníkọ̀ǹpútà hàn wọ́n. Fún ẹni tí kò rí i rí: kọ́bọ́ọ̀dù irin ni, dúrọ́ọ̀ púpọ̀ ló wà lára rẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà wà lókè. Nọ́ọ̀sì á tẹ ìka rẹ̀ sí i, á yan orúkọ aláìsàn, á yan oògùn, dúrọ́ọ̀ tí oògùn náà wà nìkan á ṣí, ìyókù á wà ní títì. Ẹ̀rọ náà á kọ ẹni tó mú un, ìgbà tó mú un, iye tó mú, àti aláìsàn tó mú un fún. Bí oògùn bá ń lọ sílẹ̀, á ránṣẹ́ sí fámásì pé kí wọ́n wá kún un. Wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà láti ìparí àwọn ọdún 1980. Pyxis àti Omnicell ni orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù.

Méjì ni wọ́n fẹ́ rà, ọ̀kan fún wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ àti iṣẹ́ abẹ, ọ̀kan fún pàjáwìrì. Èmi ni wọ́n ní kó kọ ìwé ìmọ̀ràn, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Àmọ́ mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan rí, owó rẹ̀ sì wúwo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún irinṣẹ́ ìwòsàn ṣe, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n bi wọ́n?

ÌyáWọ́ọ̀dù · Ọjọ́ Ajé, 9:48 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọdún kẹtàlélógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òru ni mo sì fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá yẹn, mi ò lè ka iye ìgbà tí irú rẹ̀ ti ṣojú mi.

Jẹ́ kí n sọ bí kọ́kọ́rọ́ DDA ṣe rí fún ẹni tí kò gbé e rí. Okùn ni mo fi ń so ó mọ́ ọrùn, sábẹ́ aṣọ. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé aláìsàn, á máa gbá mi láyà. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, èmi àti ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi á dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, a ó ka ámpùlù (ìgò kékeré tí oògùn abẹ́rẹ́ ń wà nínú rẹ̀) lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi wé ohun tó wà nínú ìwé: ọjọ́, orúkọ aláìsàn, ìwọ̀n oògùn, ẹni tó gún un, ẹlẹ́rìí, iye tó kù. Lọ́jọ́ kan, ámpùlù pethidine kan, oògùn ìrora líle, dín. Ilé kò ṣe é lọ fún wa títí di ọ̀sán. A tú agbọ̀n ìdọ̀tí, a wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá yé wa pé wọ́n gún un fún aláìsàn kan lóru lóòótọ́, nọ́ọ̀sì tó gún un ni kò ráyè kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìyá mìíràn ń rọbí lọ́wọ́ ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Fún wákàtí mẹ́fà, ojú olè ni wọ́n fi wo àwa mẹ́ta. Nítorí náà, tí ohun kan bá wà tó máa bá mi rántí, tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo fi gbà á.

Àmọ́ ẹ bi wọ́n nípa ìka. Lásìkò ọyẹ́, awọ ìka wa máa ń sán, ọṣẹ àti sípíríìtì tí a fi ń fọwọ́ sì ń dá kún un. Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ìka wọlé sẹ́nu iṣẹ́ níbi wa máa ń kọ ìka mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn ọmọ wa míì ń lé làálì nígbà ìgbéyàwó. Tí ẹ̀rọ ò bá mọ ìka, kí ni nọ́ọ̀sì máa ṣe, tí aláìsàn ń ké?

Èyí tó kù ni oxytocin, oògùn tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró fún ìyá tó bímọ. Inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀rọ wọn lè ti fíríìjì pa pẹ̀lú. Ẹ má gbà fún wọn ní yàrá ìbímọ. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ kò ní ìṣẹ́jú kan tó máa fi dúró de kọ̀ǹpútà. Àpótí pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, kó ní èdìdì tí èèyàn lè fọwọ́ já.

ApoògùnÒkèÒkun · Ọjọ́ Ajé, 11:20 alẹ́

Ẹ kú ilé o. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, fámásì ilé ìwòsàn kan ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ lọwọ́ mi ń kan ẹ̀rọ yìí. Àbúrò, ìbéèrè kan ni kí n kọ́kọ́ bi yín, ẹ má bínú: ní aago méjì òru ọjọ́ yẹn, apoògùn wo ló wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ìdí tí mo fi bèèrè nìyí. Ọ̀nà méjì ni nọ́ọ̀sì fi ń mú oògùn nínú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́, dókítà á kọ oògùn sórí kọ̀ǹpútà, apoògùn á wò ó bóyá ó bá aláìsàn mu, bóyá ìwọ̀n rẹ̀ tọ́, bóyá kò bá oògùn mìíràn jà. Ìgbà tó bá fọwọ́ sí i ni orúkọ oògùn náà tó hàn lábẹ́ orúkọ aláìsàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì rí níbẹ̀ nìkan ló lè mú. Ọ̀nà kejì là ń pè ní override: nọ́ọ̀sì á fo apoògùn kọjá, á tẹ orúkọ oògùn fúnra rẹ̀, dúrọ́ọ̀ á ṣí. Pàjáwìrì ni wọ́n ṣe èyí fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Nashville, ìpínlẹ̀ Tennessee, ní oṣù Kejìlá 2017. Gbogbo ayé gbọ́ ọ, ilé ẹjọ́ ló parí sí. Wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì kan fún aláìsàn ní Versed, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ fún àyẹ̀wò. Orúkọ rẹ̀ kejì, midazolam, ló wà nínú ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì náà gba ọ̀nà override, ó tẹ V àti E, ẹ̀rọ gbé vecuronium síwájú rẹ̀. Oògùn tó ń mú gbogbo iṣan ara rọ pátápátá ni vecuronium, àti èyí tí èèyàn fi ń mí. Aláìsàn náà kú. Ní oṣù Kẹta 2022 ilé ẹjọ́ dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi. Ní oṣù Karùn-ún wọ́n ní kó wà lábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta láìlọ sẹ́wọ̀n. Lẹ́yìn rẹ̀, ISMP, àjọ tó ń rí sí àṣìṣe oògùn níbẹ̀, ní kí ẹ̀rọ má ṣe gbé orúkọ kankan jáde tí èèyàn kò bá tíì tẹ lẹ́tà márùn-ún, ó kéré tán.

Nítorí náà, tí kò bá sí apoògùn lóru, tí káàdì aláìsàn yín sì jẹ́ ti bébà, override ni gbogbo òru yín máa jẹ́. Ẹ̀rọ náà á di àgádágodo tó ní ìrántí. Àgádágodo tó ní ìrántí wúlò o, mi ò sọ pé kò wúlò. Ṣùgbọ́n kò lè wo ìwé dókítà kó sọ pé, "Ẹ dúró ná, kíndìnrín aláìsàn yìí kò gba ìwọ̀n yìí."

ApoògùnAjílété · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:52 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, kò sí apoògùn lóru. Aago mẹ́jọ alẹ́ la ń ti fámásì. Àwa mẹ́ta péré la wà, a kò sì tíì pín òru rí. Bébà ni káàdì wa.

Kí n sọ òótọ́, mi ò rí oorun sùn dáadáa lẹ́yìn tí mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Látìgbà tí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ti ṣẹlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni mò ń bá jà lọ́kàn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé èmi gan-an ni mi ò sí níbẹ̀.

ẸnjiníàIrinṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe irinṣẹ́ ìwòsàn ni mò ń ṣe, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìṣẹ́yìn ni mò ń rìn sí. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ iná.

Nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ ní kí wọ́n fi àkọlé iná tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ hàn yín, kí ẹ yà á ní fọ́tò. Iná tiwa jẹ́ 230V (fólítì), 50Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, 60Hz. Tí wọ́n bá kọ 100–240V, 50/60Hz síbẹ̀, ọkàn yín balẹ̀. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, transformer á yí fólítì padà fún yín, kò lè yí 60Hz padà.

Ẹ̀rọ náà kì í jẹ iná púpọ̀, kọ̀ǹpútà kan àti àwọn àgádágodo kéékèèké ni. Ohun tó ń pa á ni kí iná máa lọ kó máa bọ̀. Láàárín ìgbà tí iná ìjọba lọ àti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá dìde, kọ̀ǹpútà ti kú, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti dúró ti kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹ fi ínfátà tirẹ̀ sí i, èyí tí iná rẹ̀ mọ́ gaara bí ti ìjọba, kí ẹnikẹ́ni má fi kẹ́tùlù sí i.

Ẹ tún ní kí wọ́n pa iná ẹ̀rọ náà níwájú yín, kí wọ́n wá mú ámpùlù kan jáde. Ẹ̀rọ tó dára ní kọ́kọ́rọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí i tí ohun gbogbo bá kú. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó gbà wọ́n. Ẹ bèèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ yẹn máa wà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá yẹn tún padà sí.

Eruku ọyẹ́ á wọ ojú irin tí dúrọ́ọ̀ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tó máa nù ún, àti ibi tí ẹni náà ń gbé. Tó bá jẹ́ Dubai ló ti máa wá, ẹ ti mọ̀.

ỌmọFámásì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ìbéèrè mi: àwọn oògùn oníhóró tó ń wá nínú agolo ẹgbẹ̀rún kan ńkọ́? Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, abọ́ àti ṣíbí ni a fi ń ka á sínú ọ̀rá. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń ka ìyẹn?

ApoògùnÒkèÒkun · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò mi, kì í ka nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ èyí kí wọ́n tó sanwó.

Níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ yìí, hóró oògùn kọ̀ọ̀kan máa ń wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ, ìwọ̀n, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, àti báákóòdù. Àpò kéékèèké inú dúrọ́ọ̀ wà fún irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ní ilé, káàdì oníhóró mẹ́wàá ni ẹ ń rà, tàbí agolo. Tí ẹ bá gé káàdì sí wẹ́wẹ́, hóró kan á ní orúkọ lẹ́yìn, òmíràn á ní ìdajì orúkọ, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ á wà ní etí káàdì tí ẹ gé sọnù. Ẹ máa ní láti ra ẹ̀rọ ìdìpọ̀ àti ìwé àlẹ̀mọ́, kí ẹ sì yan ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa dì í. Ìyẹn kì í sí nínú iye owó tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́.

Ámpùlù ni kò ní wàhálà yìí, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àkọlé tirẹ̀. Tí mo bá jẹ́ yín, abẹ́rẹ́ nìkan ni màá kó sínú rẹ̀, àti àwọn DDA.

Nípa ìka tí Mà bèèrè: ẹ ní kó ní ọ̀nà kejì, páásíwọ́ọ̀dù tàbí káàdì. Ẹ forúkọ ìka méjì sílẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Nípa kíkà: ẹ ní kí wọ́n ṣètò rẹ̀ kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ tẹ iye tó bá nínú dúrọ́ọ̀, kí ẹ̀rọ má ti sọ iye tó yẹ kó bá. Tí ẹ̀rọ bá ti sọ pé, "Mẹ́jọ ló kù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?", ẹni tó ti rẹ̀ á tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

DókítàẸran_Ọ̀yọ́ · Ọjọ́rú, 8:40 alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná. Dókítà ẹran ni mí, nítòsí Akẹ́sàn ní Ọ̀yọ́. Ajá, ewúrẹ́, màlúù àwọn Fúlàní, ohun gbogbo ni mò ń wò. Ẹnìkan ti fi kọ́bọ́ọ̀dù irú èyí lọ èmi náà. Wọ́n ń ṣe irú rẹ̀ fún ilé ìwòsàn ẹran ní Amẹ́ríkà. Cubex wà lára àwọn tó ń tà á.

Ohun tó dá mi dúró ni ketamine, oògùn tí a fi ń kun ẹran lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Ìgò kan ní 10 ml, 50 mg wà nínú ml kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 500 mg. Ká ní ajá kan wọn 20 kg, tí mo fẹ́ fún un ní 10 mg fún kílò kan pẹ̀lú xylazine, oògùn tó ń mú ẹran rọlẹ̀. Ó di 200 mg, ìyẹn 4 ml. Ìgò náà ṣì ní 6 ml nínú. Ẹ̀rọ mọ̀ pé mo mú ìgò kan, mo sì dá ìgò kan padà. Kò rí inú ìgò. Àfi kí n tẹ 4 ml sí i fúnra mi, ohun tí mo bá tẹ̀ ló máa gbà gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jí ketamine kò ní jí ìgò, á fa ml kan, á tẹ márùn-ún dípò mẹ́rin.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: mo lẹ bébà pẹlẹbẹ kan mọ́ ara ìgò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá fa oògùn, mo máa ń fi bírò fa ìlà síbi tí oògùn dé, màá kọ ọjọ́ sí i. Ọmọ iṣẹ́ mi á fọwọ́ sí i níwájú mi. Kọ́bọ́ọ̀dù mi ní àgádágodo méjì. Olówó ajá dúró tì mí nígbà mìíràn, á rí i. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ, Àǹtí, ẹ bi wọ́n bí ẹ ṣe máa kọ oògùn tó ṣẹ́kù nínú ámpùlù sílẹ̀. Ámpùlù morphine 10 mg tí dókítà kọ 4 mg nínú rẹ̀, 6 mg tó kù, ta ló rí i pé wọ́n dà á nù?

ApoògùnÒkèÒkun · Ọjọ́rú, 9:02 alẹ́

Dókítà, òótọ́ lẹ sọ. Níbi wa, ẹni kejì gbọ́dọ̀ tẹ ìka tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí kí ẹ̀rọ tó gba pé wọ́n da ìyókù nù. Ìgbà míì ẹlẹ́rìí á tẹ ìka láìwo nǹkan kan, torí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ìlà bírò tiyín yẹn, ojú èèyàn méjì ló wà lára rẹ̀.

OlùṣíròOwó · Ọjọ́bọ̀, 10:25 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Ẹ̀ka ìṣúná ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àǹfààní kan wà tẹ́nikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Wọ́n lè so ẹ̀rọ yìí mọ́ ẹ̀rọ ìsanwó, kí dúrọ́ọ̀ má ṣí àfi tí rìsíìtì aláìsàn bá ti wọlé. Oògùn tí wọ́n ń lò láìsanwó ló ń pa owó fámásì. Owó tí a fi ra oògùn gbọ́dọ̀ padà wá kí a lè tún òmíràn rà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pẹpẹ á ṣófo fún gbogbo èèyàn.

ÌyáWọ́ọ̀dù · Ọjọ́bọ̀, 10:51 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

Mo ti dúró ti ọkọ obìnrin kan tó ń sáré káàkiri Ọjà Ọba láàárọ̀ kùtù, ó ń wá ẹni tó máa yá a lówó. Mo mọ̀ pé pẹpẹ lè ṣófo, mo ti rí ìyẹn náà. Àmọ́ nígbà tí èèyàn ló di kọ́kọ́rọ́ mú, mo lè bẹ èèyàn, mo lè ṣe onígbọ̀wọ́, mo lè fi owó oṣù mi dúró. Mo ti fi dúró rí. Tó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀, ta ni màá bẹ̀? Ẹ jẹ́ kó kọ gbèsè sílẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín ní ìṣẹ́jú kan náà. Kó má ti oògùn mọ́ aláìsàn.

OlùṣíròOwó · Ọjọ́bọ̀, 12:30 ọ̀sán

Mà, mo gbọ́ yín, mo sì gbà. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì ṣí. Àwa la ó máa lé gbèsè, kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tibi tí mo ti lè wúlò. Àǹtí Apoògùn, dọ́là ni wọ́n kọ iye owó náà. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ilé ìwòsàn tó fọwọ́ sí ìwé ní oṣù Karùn-ún 2023 pé àwọn á máa san owó sọ́fíwíà ní dọ́là lọ́dọọdún, iye náà ti di ìlọ́po mẹ́ta kí ọdún tó yí po, láìjẹ́ pé wọ́n fi dúrọ́ọ̀ kan kún un. Owó ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san án. Owó sọ́fíwíà àti àtúnṣe, ọdọọdún ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ ti ọdún márùn-ún sílẹ̀, ní náírà, kí ẹ tó jókòó.

Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè kan náà. Ẹ wo ẹni tó ń kó ẹrù wọlé: Form M, ìwé tí a fi ń kó ẹrù wọlé láti òkè òkun, gbọ́dọ̀ ti wà ní báńkì kí ẹrù tó gbéra lókè òkun. Tí wọ́n bá ní kí ẹ san gbogbo owó sílẹ̀ kí ẹrù tó dé, ẹ má san. Ẹ fi apá kan dúró títí ẹ̀rọ á fi ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ nínú wọ́ọ̀dù yín, lórí iná yín.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti 2023 sì ka ìka èèyàn sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ gidigidi. Ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú àmì ìka àwọn òṣìṣẹ́ yín sí, àti bí wọ́n ṣe máa pa á rẹ́ tí ẹnìkan bá fiṣẹ́ sílẹ̀.

ẸnjiníàIrinṣẹ́ · Ọjọ́bọ̀, 6:18 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ kan péré: tí ẹnikẹ́ni bá fi tòkunbọ̀ lọ̀ yín nítorí pé ó dínwó, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é pé wọ́n á fún yín ní sọ́fíwíà rẹ̀ lórúkọ yín. Láìsí ìwé yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù irin lásán lẹ rà.

ApoògùnAjílété · Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà, 8:33 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, gbogbo yín. Mo ti kọ ìwé náà, mo sì ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí.

Kí n tó kọ ọ́, mo sùn sí wọ́ọ̀dù fún alẹ́ mẹ́ta. Mo jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù DDA pẹ̀lú ìwé kékeré kan, mo ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n wá mú. Oògùn mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ń yí ká, lóru mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ abẹ́rẹ́. Ní alẹ́ kejì, dókítà kékeré kan kọ ìwọ̀n gentamicin kan (oògùn kòkòrò àrùn tó lè pa kíndìnrín lára) fún bàbá àgbàlagbà tí àbájáde àyẹ̀wò kíndìnrín rẹ̀ ti dé láti ọ̀sán, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò. Mo ṣí i, mo pe dókítà, a jọ yí oògùn náà padà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo dúró síbi yẹn fún ìgbà díẹ̀, mò ń ronú pé ká ní ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, ìka nọ́ọ̀sì á wọlé, dúrọ́ọ̀ á ṣí, gbogbo rẹ̀ á wà ní àkọsílẹ̀ dáadáa.

Ohun tí mo kọ nìyí. Mo ní kí wọ́n gba apoògùn méjì sí i, kí fámásì máa ṣí ní gbogbo òru. Mo ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ kan dípò méjì, fún wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, abẹ́rẹ́ nìkan, lẹ́yìn tí apoògùn òru bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe ṣáájú. Mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ so mọ́ rìsíìtì, pé lẹ́tà márùn-ún ló kéré jù, pé wọ́n gbọ́dọ̀ pa iná níwájú wa kí wọ́n sì mú ámpùlù jáde. Oxytocin àti àpótí pàjáwìrì dúró síbi tí wọ́n wà. Mo fi ìlà bírò ti Dókítà Ọ̀yọ́ sí i fún ketamine tíátà. A ti bẹ̀rẹ̀ ìyẹn, kò ná wa ju bébà àlẹ̀mọ́ lọ.

Inú ọ̀gá kan kò dùn. Ó ní òun rò pé màá dúpẹ́ pé wọ́n fẹ́ ra nǹkan ìgbàlódé fún mi. Mo sọ fún un pé mo dúpẹ́, òótọ́ inú mi sì ni.

Ní ti kọ́kọ́rọ́, a kò dúró de ẹnikẹ́ni. A ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kejì mìíràn, a fi í sínú àpòòwé, èmi àti mátíróònù fọwọ́ sí ojú ibi tí a lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mátíróònù tó ń tì. Ẹni tó bá já a á kọ orúkọ rẹ̀, aago, àti orúkọ aláìsàn. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n já a. Ọkùnrin kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ hernia fún ni. Wọ́n kọ 1:40 nígbà tí dókítà kọ oògùn, wọ́n kọ 1:46 nígbà tí wọ́n gún un.

ÌyáWọ́ọ̀dù · Ọjọ́ kan náà, 8:50 alẹ́

Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Ta ló ń fi àpòòwé tuntun sí i láàárọ̀, kí ó má baà wà ní jíjá títí di alẹ́ ọjọ́ kejì?

ApoògùnAjílété · Ọjọ́ kan náà, 8:54 alẹ́

Èmi ni, Mà. Aago méje ààbọ̀, kí n tó ṣí fámásì.